Àgùntàn Tó Bá Ajá Rìn

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni tòlótòló kẹta kú. Mo bá òkú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé agboolé kan ní Pópó Yemọja, nílùú Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù kan tó ti là sí méjì. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ìyẹ́ rẹ̀ rí jákujàku bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ìgbẹ́ tó yà kẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú bí imí-ọjọ́.

Adìyẹ bíi mẹ́sàn-án ń ṣa nǹkan jẹ yí òkú náà ká, ara wọn dá ṣáṣá. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń kó ọmọ gba inú gọ́tà kọjá. Ewúrẹ́ méjì sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Àgbò tí wọ́n so mọ́ òpó ń fi ìwo ha ògiri. Lókè, lórí páànù tó ti dípẹtà, ẹyẹlé ń ké lọ ní tiwọn.

"Ẹ wo àwọn adìyẹ yìí," ni ìyá tó ni gbogbo wọn wí fún mi, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti àkùkọ kan sẹ́yìn. "Ibi kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Inú páànù kan náà ni mò ń da àgbàdo àti èérí ògì sí fún wọn. Adìyẹ ò sín, pẹ́pẹ́yẹ ò wúkọ́. Tòlótòló mẹ́rin ni mo rà, mẹ́ta ti lọ. Ṣé tòlótòló nìkan ni ikú mọ̀ ni?"

Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹran ọ̀sìn ni báńkì wọn báyìí. Owó ewúrẹ́ kan ni wọ́n fi san owó ìdánwò àṣejáde ọmọ-ọmọ wọn, àwọn tòlótòló yìí sì ni wọ́n fẹ́ tà fún àwọn tó ń múra ọdún Kérésì.

Ẹjọ́ ti pọ̀ lórí òkú ẹyẹ náà nínú agboolé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ní májèlé eku ló jẹ. Ìyàwó ilé kan ní ooru ni. Ẹnì kan rọra sọ ọ́ sí mi létí pé kí n má kọ ọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ayé ni. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí pèpéle ló wá dá sí i. "Àgùntàn tó bá ajá rìn, ìgbẹ́ ni yóò jẹ," ni bàbá wí. "Ẹ kó ẹyẹ olówó ńlá sáàárín adìyẹ ìta, ẹ wá ń wá ẹni tó ṣe é."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wọn, bàbá yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ẹ̀dọ̀ tó ní ojú

Kí oòrùn tó kan àtàrí, dókítà ẹranko kan tó máa ń wọ agboolé kiri láti Bẹẹrẹ dé Màpó ti dé. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó sì la inú tòlótòló náà.

Ẹ̀dọ̀ ẹyẹ náà kún fún àpá róbótó-róbótó. Àárín àpá kọ̀ọ̀kan jìn díẹ̀, etí rẹ̀ ga yí i ká, bí ojú tó ń woni. Ìfun méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ ti wú, ohun tó wà nínú wọn sì ti dì gbagidi bí wàrà.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Kì í ṣe májèlé. Àwọn adìyẹ yín ló kó o ràn án."

Àrùn orí dúdú ni àwọn òyìnbó ń pe àrùn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹyẹ tí ó bá ń ṣe kì í sábàá dúdú. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló ń bà jẹ́. Ní ọdún 1895 ni Theobald Smith, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ṣàpèjúwe kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, lára àwọn tòlótòló tó ń kú ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Histomonas ni wọ́n ń pe kòkòrò náà lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wọ inú tòlótòló kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa nígbà náà. Ó di ọdún 1920 kí Smith àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó rídìí rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí jọ àlọ́.

Aràn tín-ín-tín kan máa ń gbé inú ìfun adìyẹ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pa adìyẹ lára, adìyẹ tó ní in á máa yé, á máa pa, á máa sá lé àáyán. Inú ẹyin aràn yìí ni Histomonas ń sá pamọ́ sí. Adìyẹ á yàgbẹ́, ẹyin aràn á bọ́ sílẹ̀. Ekòló á gbé e mì pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Òjò á rọ̀, ekòló á jáde, tòlótòló á rí i, á gbé e jẹ. Ọ̀nà ti dé ẹ̀dọ̀ nìyẹn.

Adìyẹ náà lè kó Histomonas. Ara rẹ̀ kàn gbà á ju ti tòlótòló lọ ni. Ọ̀kan gba àrùn lálejò, ọ̀kan gbà á ní apànìyàn.

"Ẹyin aràn yẹn lágbára," ni dókítà náà wí bó ti ń fọwọ́. "Bí ẹ bá kó gbogbo adìyẹ kúrò níbí lónìí, ó lè ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yìí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta."

"Kínla!" ni ìyá dáhùn. "Ilẹ̀ bàbá ọkọ mi?"

Oògùn rẹ̀ ṣòro. Nitarsone, tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ tòlótòló ní Amẹ́ríkà láti fi dènà rẹ̀, ní èròjà arsenic nínú, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní ìparí ọdún 2015. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn ọlọ́sìn ńláńlá lọ́hùn-ún gbójú lé jù ni ohun tí bàbá orí pèpéle sọ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ má kó wọn pọ̀.

Ìjà kọ́ ni ewu

Ọ̀pọ̀ wa tí wọ́n tọ́ ní agboolé mọ bí a ti ń ṣọ́ ẹran tó ń jà. A mọ̀ pé akọ tòlótòló lè ṣá ọmọ adìyẹ pa, pé àgbò lè kan ewúrẹ́ olóyún kí oyún rẹ̀ wálẹ̀. Ìjà ní ariwo. A ó gbọ́ ọ, a ó jáde, a ó là á.

Èyí tó ń pa ẹran jù kò ní ariwo, ẹranko tó sì gbé e wá kì í ṣàìsàn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nìyẹn, bóyá tòlótòló ló ń wò ni o, ewúrẹ́ ni, ẹja ni, tàbí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ aláràbarà tí mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ wọn. Ẹranko tí àrùn ti bá gbé láti ìran dé ìran ti mọ bí yóò ṣe gbé e láìkú. Ẹ wá gbé aládùúgbò tuntun tì í, tí kò bá àrùn yẹn pàdé rí. Ọ̀kan yóò máa jẹun lọ, ìkejì yóò kú, onílé yóò sì máa fura sí ìyàwó ilé kejì.

Ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ẹyẹ inú omi, pẹ̀lú ìbátan pẹ́pẹ́yẹ inú igbó, ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ fi ṣe ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e kiri láìfi hàn, kó sì yà á sínú omi tí adìyẹ ń mu. Nígbà tí irú èyí tó le jù dé Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní oṣù Kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ yọjú sí. Oko ńlá kan ní Jàájì ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n ti rí i, oko tí adìyẹ, ògòǹgò àti ẹ̀yà pẹ́pẹ́yẹ ńlá jọ wà. Ẹyẹ tó lé ní 40,000 ló bá a lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ra ẹyin ní Ìbàdàn lọ́dún náà yóò rántí bí àwọn èèyàn ṣe sá fún adìyẹ fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹja títí ẹja fi wọ́n.

Orúkọ Ìbàdàn wà nínú ìwé àrùn

Ìlú wa yìí ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àrùn ẹran, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀.

Àrùn lúkúlúkù, èyí tó máa ń pa adìyẹ ilé lọ bẹẹrẹ nígbà ọyẹ́, tí ọrùn adìyẹ á lọ́, tí yóò máa yí po lójú kan, ìlú Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953 ni. Ọyẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn ìyá wa ti mọ àsìkò rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ta adìyẹ kí ọyẹ́ tó mú, kì í ṣe torí owó ọdún nìkan.

Èkejì ni kátà. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí kò nílò àlàyé: imú á máa ṣàn, ojú á lẹ̀ pọ̀, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ẹran á máa mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, agbo lè ti dá páropáro. Ìbátan àrùn èéyi tó ń ṣe àwọn ọmọdé ni kòkòrò tó ń fà á. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1942, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ Ìbàdàn ló sọ ọ́ di ohun tí ayé lè dènà. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ gba kòkòrò náà lára ewúrẹ́ kan nílùú yìí. Wọ́n sọ ọ́ ní Nigeria 75/1. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ agbára rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé àyẹ̀wò, ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ewúrẹ́ àti àgùntàn káàkiri Áfíríkà, Éṣíà àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Ewúrẹ́ Ìbàdàn kan ń gba ewúrẹ́ aráyé là. Ewúrẹ́ méjì tó sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn ní Pópó Yemọja ńkọ́? Ìyá ní àwọn ò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. "Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Àwa gan-an tí a jẹ́ èèyàn, mélòó la gbà?"

Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ wà nínú ti kátà náà. Àgùntàn máa ń kó o, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń rọrùn fún un ju ewúrẹ́ lọ. Màlúù lè kó o kí àmì kankan má hàn lára rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti ń ta ẹran ní Akínyẹlé fún ogún ọdún sọ fún mi pé òun kì í jẹ́ kí àgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Òkè Ọya sùn ti ewúrẹ́ òun. "Àgbò yẹn lè máa yan bí ọba," ló wí, "àmọ́ o ò mọ ohun tó gùn ún wá." Bẹ́ẹ̀ àsìkò Iléyá ni ọ̀pọ̀ agboolé máa ń so àgbò àjèjì mọ́ òpó fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, láàárín ewúrẹ́ ilé, tí ọmọdé á máa gé ewé kan náà fún gbogbo wọn. A ó pa àgbò náà lọ́jọ́ ọdún, a ó jẹ ẹ́, a ó yọ̀. Tí ewúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó mú un wá ti di ẹran ọbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fura sí i.

Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé àti èyí tó ń rí sí ìlera ẹranko pàdé ní Abidjan ní ọdún 2015, wọ́n sì fi 2030 ṣe gbèdéke tí kátà gbọ́dọ̀ ti parẹ́ láyé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ẹ̀gbọ́n kátà tó ń pa màlúù lọ rẹpẹtẹ, wọ́n kéde òpin rẹ̀ ní 2011, àrùn kejì tí ọmọ aráyé pa rẹ́ pátápátá lẹ́yìn ṣànpọ̀ńná. Abẹ́rẹ́ wà. Ohun tí mi ò rí ni bí yóò ṣe dé abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ọ̀pọ̀lọ́ inú àpótí gíláàsì

Kò sí ẹni tó ń sin ọ̀pọ̀lọ́ ní Pópó Yemọja. Gọ́tà ló ń bá wa sìn wọ́n. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi owó gidi ra ọ̀pọ̀lọ́, tí wọ́n ń kọ́ ilé gíláàsì fún un, tí wọ́n ń gbin òdòdó síbẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ rọ òjò sí i. Mo mẹ́nu bà á fún ìyá, wọ́n wò mí bí ẹni tí ebi ń pa.

Ọ̀pọ̀lọ́ ọfà ni mo lè pè wọ́n. Igbó Amẹ́ríkà Àárín àti ti Gúúsù ni wọ́n ti wá. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, àwọ̀ wọn sì ń tan bí àdìrẹ tuntun: búlúù, pupa, ọsàn, dúdú tó ní ìlà òféèfèé. Àwọn ẹ̀yà Emberá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà máa ń fi oró tó wà lára irú kan nínú wọn ra ẹnu ọfà tí wọ́n ń fi ìpè fẹ́ láti pa ẹran. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nínú igbó, èèrà àti kòkòrò wẹ́wẹ́, ni wọ́n ti ń rí oró náà. Èyí tí wọ́n bí sínú àpótí, tó jẹ́ kòkòrò tí wọ́n ń sìn fún un ló ń jẹ, kò ní oró kankan.

Ìbéèrè tí àwọn tó ń sìn wọ́n máa ń bi ara wọn kò yàtọ̀ sí ti Pópó Yemọja: ṣé a lè kó oríṣi méjì sínú àpótí kan? Ọmọ ìbátan mi kan tó ń gbé ní ìlú Manchester, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti dán an wò. Ó kó aláwọ̀ búlúù mẹ́ta àti aláwọ̀ ọsàn méjì pọ̀. "Mo rò pé àwọ̀ wọn á bá ara mu ni, Dádì," ló wí. Kí oṣù kan tó pé, méjì nínú àwọn kékeré ti rù kanrangandan. Kò rí ìjà kankan. Àwọn ńlá kàn ń dé ibi oúnjẹ ṣáájú wọn ni, lójoojúmọ́, ojú wọn sì ń ti àwọn kékeré débi tí wọn ò jáde lábẹ́ ewé mọ́.

Èyí tí wọ́n tún ń bẹ̀rù ni kí oríṣi méjì gun ara wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí kò ní jẹ́ ti bàbá, kò ní jẹ́ ti ìyá, irú-ọmọ tó jẹ́ ti odò kan tàbí òkè kan á sì dàrú. Àwọn tó ń sìn ín kórìíra èyí bí àwọn àgbà ìdílé ṣe kórìíra kí oríkì dàrú.

Ṣùgbọ́n àrùn ni ọba gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe olú àìfojúrí kan tó ń jẹ awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ara ọ̀pọ̀lọ́ ọfà aláwọ̀ búlúù kan tó kú sí ọgbà ẹranko ìjọba ní Washington ni wọ́n ti rí i, orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ náà sì wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ olú ọ̀hún títí dòní. Awọ ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń mu omi, ó tún ń fi í mí. Tí awọ bá bà jẹ́, iyọ̀ ara á dàrú, ọkàn á dákẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 kà á sí olú yìí lọ́rùn pé ẹ̀yà ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan wọn 501 ló ti dín kù láyé, tí 90 nínú wọn dà bí èyí tó ti parẹ́.

Ta ló ń gbé e kiri láìṣàìsàn? Ọmọ Áfíríkà kan wà nínú wọn. Láti àwọn ọdún 1930, kí àyẹ̀wò oyún tó di ti kẹ́míìsì, àwọn dókítà a máa gún ìtọ̀ obìnrin sínú àkèré oléèékánná kan tó ń gbé inú omi ní gúúsù Áfíríkà. Bí obìnrin náà bá lóyún, àkèré á yé ẹyin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó lọ sí òkè òkun, àwọn kan sì bọ́ sínú odò níbẹ̀. Àkèré yìí lè gbé olú náà sára kí nǹkan kan má ṣe é. Àyẹ̀wò tó jáde ní 2018 fi hàn pé ìlà oòrùn Éṣíà ni olú náà ti ṣẹ̀ wá ní ìpilẹ̀, nítorí náà kì í ṣe Áfíríkà ló bí i. Síbẹ̀ àkèré wa wà lára àwọn tó rù ú.

Adìyẹ àti tòlótòló. Àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ ọfà. Bàbá orí pèpéle ò dé Washington rí.

Àwọn tó ń bára wọn gbé

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí mo sọ yìí rò pé gbogbo ìdàpọ̀ ló burú. Àwọn ọlọ́sìn ẹja ní Ìbàdàn mọ ìdàpọ̀ tó lérè nínú, wọ́n sì ń fi í jẹun.

Ẹpìyà ni. Ẹni tó bá da ẹpìyà nìkan sínú pọ́ǹdù yóò rí i pé láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ ti bímọ, ìyá ń fi ẹnu gbé ọmọ kiri kí ohunkóhun má jẹ ẹ́. Pọ́ǹdù á kún, oúnjẹ ò ní kárí, gbogbo wọn á ràn, wọn ò ní tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí ni àwọn ọlọ́sìn ṣe? Wọ́n mú àrọ̀ díẹ̀ sí i. Àrọ̀ ń jẹ ọmọ ẹpìyà, àwọn àgbà ẹpìyà á ráyè tóbi, àrọ̀ náà á sì sanra.

"Ọgbọ́n ibẹ̀ ni ìwọ̀n," ni ọkùnrin kan tó ń sin ẹja ní ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé ṣàlàyé. "O ò gbọ́dọ̀ kó àrọ̀ tó ti tóbi bá ọmọ ẹpìyà lọ́jọ́ kan náà. Àsè lo sè fún un nìyẹn. Jẹ́ kí ẹpìyà dàgbà ná, kí o wá da àrọ̀ kékeré sí i." Ó ní kódà àrọ̀ sí àrọ̀ ò ṣeé fọkàn tán: èyí tó bá yára dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní ṣútà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àbúrò rẹ̀ mì. Wọ́n ní láti máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀ látìgbàdégbà. Ẹ ò rí nǹkan: oríṣi ẹja kan ṣoṣo, ó tún ń fẹ́ ìpínyà.

Nínú pọ́ǹdù, ẹni tó ń kó wọn pọ̀ mọ ìdí tó fi kó wọn pọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé tiwa, àyè ló kó wọn pọ̀ fún wa. Ilé ti há. Ibi tó jẹ́ ọgbà lẹ́yìn agboolé láyé bàbá wọn ti di yàrá mẹ́rin tí wọ́n fi háyà. Ẹran ọ̀sìn tó kù ń du ilẹ̀ ìwọ̀n ẹní méjì. Ẹ lè sọ fún onílé pé kó kọ́ ilé adìyẹ lọ́tọ̀, ilé ewúrẹ́ lọ́tọ̀. Orí kí ni yóò kọ́ ọ sí?

Okùn kejì, abọ́ kejì

Mo bi dókítà ẹranko náà pé kí ló lè ṣeé ṣe ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò ka ọ̀pọ̀ nǹkan sí mi létí. Nǹkan mẹ́ta péré ló sọ, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí.

Tòlótòló kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí adìyẹ ń rìn. Kì í ṣe pé kí wọ́n jìnnà síra. Orí pákó, orí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fọ̀, òkè ilé pàápàá ti tó. Èkejì, ẹran tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ ti àtijọ́ kó tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́tọ̀, pẹ̀lú okùn tirẹ̀ àti abọ́ omi tirẹ̀, kó sì jẹ́ pé òun ni a ó bọ́ kẹ́yìn láàárọ̀. Àwọn tó ń sin ọ̀pọ̀lọ́ ọfà máa ń fi èyí tuntun sí àhámọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, àwọn mìíràn tó ìlọ́po méjì. Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe ti kátà, ó sì ń ṣe ti lúkúlúkù kan tó wà fún adìyẹ ilé, tí ooru kì í tètè bà jẹ́. Ẹ̀kán kan sójú adìyẹ ni, a ó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè.

"Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìgò abẹ́rẹ́ kan á tó ọgọ́rùn-ún ẹran tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ," ló fi kún un. "Ta ló ní ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́ ní Pópó Yemọja? Bí agboolé mẹ́wàá bá lè pa owó pọ̀, kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tòlótòló kan tó kù ti gòkè. Ó wà ní bákóónì, lórí pákó tí wọ́n gbé lé búlọ́ọ̀kù, àwọ̀n yí i ká, ó ń yọ ọrùn wo òpópónà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọmọ-ọmọ ìyá ló ń bọ́ ọ. Ó ní bàtà sílípáàsì kan tó ń wọ̀ lọ síbẹ̀, kì í sì í wọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, agboolé mẹ́fà ti dá owó, ó ku mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ó ra ẹran fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ wá okùn kejì àti abọ́ kejì sílé kí ẹ tó lọ sọ́jà.